Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ́ńjìnnì àti Sítíárìn fún Ọkọ̀ Pontoon

Bí ẹ bá ń gbé ní Houston tàbí Atlanta, tí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta ń dáwó jọ láti ra ọkọ̀ pontoon tí ẹ ó máa gbé lọ sórí Lake Conroe tàbí Lake Lanier lópin ọ̀sẹ̀, ohun tí ẹni tó ń tajà máa kọ́kọ́ fi hàn yín ni àga, agboòrùn, ẹ̀rọ orin àti iná búlúù tó ń tàn lábẹ́ ọkọ̀. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá ṣú, tí gbogbo èèyàn ń sáré padà sí èbúté, ẹ́ńjìnnì àti sítíárìn lẹ máa fẹ́ kó dára. Orí àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n sì ti máa ń dín owó kù kí iye tó wà lára ìpolówó lè wu èèyàn: ẹ́ńjìnnì tó kéré jù, pẹ̀lú sítíárìn tó rọ̀ lówó jù.

Bí mo ṣe máa ń sọ fún àwọn tó bá béèrè lọ́wọ́ mi nìyí: ẹrù ló ń yan ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ló ń yan sítíárìn. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́ sí ọkọ̀ kan, tó wá ń béèrè ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa náwó.

Fún ẹni tí kò tíì wọ̀ ọ́ rí, pontoon ni ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó jókòó lórí àgbá alumíníọ́mù gígùn méjì tàbí mẹ́ta. Ambrose Weeres, ará Richmond ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ni wọ́n máa ń kà sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1951, nígbà tó gbé pákó lé orí àgbá irin, tó sì gbé e bọ omi. Èyí tó ní àgbá mẹ́ta ni wọ́n ń pè ní tritoon. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì máa hàn bá a ṣe ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ẹrù yín

Nítòsí ibi tí atukọ̀ ń jókòó sí, pátákó pélébé kan wà tí wọ́n kọ nǹkan mẹ́ta sí: iye èèyàn, ìwọ̀n èèyàn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àti ẹrù lápapọ̀, àti hóòsìpáwà (ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì) tó pọ̀ jù tí ọkọ̀ náà lè gbé. Ẹ yà á ní fọ́tò kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fi dandan mú pontoon ní ti pátákó yìí, torí ọkọ̀ oníkùn kan tí kò tó 20 ẹsẹ̀ bàtà ni òfin náà ń bá wí, àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí NMMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà, máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiwọn. Bí ẹ bá rí àlòkù tí pátákó rẹ̀ ti já dànù, ẹ lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ wo irin ìdábùú tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ máa rí àkópọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 níbẹ̀. Ẹ fi pe ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà, kí wọ́n sọ ohun tó yẹ kó wà lára pátákó fún yín.

Lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣírò tiyín sórí ìwé. Àgbàlagbà mẹ́wàá, ká fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 180 pọ́ùn, ó di 1,800. Ẹ́ńjìnnì Mercury oníhóòsìpáwà 115 wúwo tó 359 pọ́ùn. Kúlà ìrẹsì, kúlà ẹran, kúlà ohun mímu pẹ̀lú yìnyín, ẹ fi 200 sí i, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ti kọjá 2,300 pọ́ùn báyìí, a ò tíì ka spíkà, ìdákọ̀ró àti àpò àwọn ọmọdé.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń tan ara wọn jẹ nìyí. Àbúrò kan pè mí láti ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ẹ̀ rí i, hóòsìpáwà 60 ni tibí. Ó ti tó, àbí? Àwa mẹ́rin péré la máa ń jẹ́."

"Ọjọ́ tí ọmọ rẹ bá ń ṣọjọ́ ìbí ńkọ́?"

"Háà, ìyẹn á tó mọ́kànlá o."

"Ẹ́ńjìnnì ọjọ́ yẹn ni kó o rà."

Ọkọ̀ tí kò ní èèyàn nínú máa ń sáré lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wò ó. Ẹni tó ń tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wádìí omi tí ẹ máa wà lórí rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo adágún ló gba gbogbo ẹ́ńjìnnì. Ní Pennsylvania, Lake Arthur tó wà ní Moraine State Park kò gbà ju hóòsìpáwà 20 lọ, Marsh Creek ní tirẹ̀ kò sì gba ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ epo rárá, ti bátìrì nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ ló wà nítòsí yín, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn: ọkọ̀ kékeré ni kẹ́ ẹ rà, ẹ wo ẹ́ńjìnnì oníná bíi Avator ti Mercury, Torqeedo tàbí ePropulsion, kẹ́ ẹ sì gbà pé ẹ ò ní sáré.

Conroe àti Lanier kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyẹn. Conroe fẹ̀ tó nǹkan bí 21,000 éékà, Lanier sì tó nǹkan bí 38,000. Lọ́sàn-án Sátidé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbì tí àwọn ọkọ̀ míì ń dá sílẹ̀ á máa lù yín láti ọ̀tún àti òsì, ibi tí ẹ sì ti gbéra lè jìnnà púpọ̀ sẹ́yìn kí ojú ọjọ́ tó yí padà. Ẹ́ńjìnnì tó kàn ń rọ́jú kò yẹ níbẹ̀.

Bí omi iyọ̀ bíi ti Galveston Bay ni ẹ fẹ́ máa lọ, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣe ọkọ̀ náà fún yín, torí irin tí wọ́n máa ń so mọ́ àgbá àti ẹ́ńjìnnì kí iyọ̀ má bàa jẹ wọ́n yàtọ̀ sí ti omi tútù, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa fi omi mímọ́ fọ inú ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sì ń gbé lórí òkè gíga bíi ti Colorado, kó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ní gbogbo 1,000 ẹsẹ̀ bàtà tó bá gòkè. Ní Lake Dillon, tó ga ju 9,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, 115 á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò pé 85.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yan hóòsìpáwà

Pontoon àgbá méjì tó jẹ́ 18 sí 20 ẹsẹ̀ bàtà, tí èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà ń fi pẹja tàbí tí wọ́n ń fi gbatẹ́gùn, 50 tàbí 60 lè tó o. Ó máa lọ jẹ́jẹ́, kò sì burú.

Tó bá ti di 22 ẹsẹ̀ bàtà, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń rà, èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ohun tó kéré sí 90, 115 ló sì bá a mu bí pátákó bá gbà á. Pẹ̀lú 115, ọkọ̀ àgbá méjì bẹ́ẹ̀ lè sáré 20 sí 25 máìlì ní wákàtí kan bí ẹrù kò bá pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ máa fi okùn fa àwọn ọmọ lórí rọ́bà afẹ́fẹ́, 90 lè fa ọmọdé kan, àmọ́ àgbàlagbà tó fẹ́ dìde dúró lórí pákó nílò 115 ó kéré tán, 150 ló sì tẹ́ni lọ́rùn.

Tritoon ń fẹ́ 150 sókè. Ibí yìí ni mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń ṣìnà jù. Wọ́n gbọ́ pé àgbá mẹ́ta dára, wọ́n ra àgbá mẹ́ta, wọ́n wá fi 90 sí i kí owó má bàa pọ̀. Àgbá kẹta wúwo, ó sì ń wọ́ omi. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá lágbára tó láti gbé ọkọ̀ náà dìde lórí omi, ẹ ti san owó àgbá kẹta lásán nìyẹn. Pẹ̀lú 150, tritoon dáadáa máa wọ 30 máìlì ní wákàtí kan. Pẹ̀lú 250 tàbí 300, ó lè kọjá 40. Ẹ béèrè bóyá àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń gbé ọkọ̀ sókè wà ní ẹ̀gbẹ́ àgbá, àti bóyá wọ́n fi alumíníọ́mù bo abẹ́ pákó kí omi má bàa máa fọ́n lu àwọn irin ìdábùú. Ohun méjèèjì yìí máa ń fi eré kún un láìfi hóòsìpáwà kún un.

Ẹ má kọjá iye tó wà lára pátákó láéláé. Wàhálà ìnṣúránsì ni, ewu sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jìnnà sí i púpọ̀ ní ìsàlẹ̀ náà. Bí pátákó bá ní 115, tí wọ́n ń ta ọkọ̀ náà fún yín pẹ̀lú 60, ẹ béèrè iye tí 90 àti 115 máa jẹ́. Ẹ́ńjìnnì kékeré lábẹ́ ẹrù ńlá, eré àsápajúdé ló máa ń sá láti òwúrọ̀ di alẹ́. 115 lè rìn ní 4,000 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) kó sì gbé ẹrù yẹn lọ, tí ẹ ó sì gbọ́ ara yín bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Ní ti epo, ìṣirò tí àwọn atukọ̀ ń lò ni pé bí ẹ bá ti ọwọ́ jíà síwájú tán, ẹ́ńjìnnì four-stroke á máa jẹ nǹkan bí gálọ́ọ̀nù kan ní wákàtí kan fún hóòsìpáwà mẹ́wàá. 115 á jẹ nǹkan bí 11. Àmọ́ ẹni tó ní 115 kì í sábà tì í tán, ẹni tó ní 60 lábẹ́ ẹrù kan náà ló máa ń tì í tán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: irú ẹ́ńjìnnì wo?

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí CMS mọ ariwo àti èéfín ẹ́ńjìnnì two-stroke dáadáa. Àwọn ọlọ́kọ̀ Èkó fẹ́ràn rẹ̀ torí ó fúyẹ́, torí mẹkáníìkì sì lè tú u létí omi pẹ̀lú sípánà méjì. Kì í ṣe àmì pé òun ló yẹ pontoon. Ní Amẹ́ríkà, four-stroke ló gbòde: kì í pariwo, kò sí pé à ń po ọ́ìlì mọ́ epo, kì í sì í rú èéfín sójú àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Mercury, Yamaha, Suzuki, Honda, kò sí èyí tí kò dára nínú wọn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè mẹkáníìkì èwo ló sún mọ́ ilé yín jù, tó ní ìwé àṣẹ láti tún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe, kí ẹ tó béèrè èwo ló ń sáré jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọkọ̀ á ti pinnu ẹ́ńjìnnì fún yín pàápàá: ilé iṣẹ́ Brunswick ló ni Mercury, òun náà ló ni Harris àti Lowe, torí náà Mercury lẹ máa rí lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ yẹn.

Bí ẹ bá ń ra àlòkù, ẹ lè bá Evinrude pàdé lẹ́yìn rẹ̀. BRP, tó ń ṣe é, dá ẹ́ńjìnnì náà dúró ní oṣù karùn-ún ọdún 2020. Kì í ṣe pé kò dára, àmọ́ kí ẹ tó sanwó, ẹ wá mẹkáníìkì tó ṣì ń tún un ṣe ní agbègbè yín, kí owó rẹ̀ sì fi hàn pé wọn ò ṣe é mọ́.

Nǹkan méjì wà tí ẹni tó ń tajà lè má dárúkọ. Àkọ́kọ́ ni gígùn ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì: 15, 20 tàbí 25 íǹṣì. 20 ló wọ́pọ̀ jù lára pontoon, àwọn ọkọ̀ ńlá kan ń lo 25. Tó bá kúrú jù, pùròpẹ́là, ohun tó ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀ lọ, á máa fa afẹ́fẹ́ mu nígbà tí ẹ bá ń yà. Ẹ́ńjìnnì á ké lójijì, ọkọ̀ ò sì ní lọ. Tó bá gùn jù, á máa wọ́ omi lásán. Èkejì ni ìdí ẹ́ńjìnnì, níbi tí jíà wà. Mercury ní èyí tí wọ́n ń pè ní Command Thrust, Yamaha náà ní High Thrust: ìdí rẹ̀ tóbi, ó ń gba pùròpẹ́là ńlá, jíà rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Lára Mercury 115, ẹ́ńjìnnì á yí ní ìgbà 2.38 kí pùròpẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan nínú Command Thrust, nígbà tó jẹ́ 2.07 nínú èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó wúwo, tó sì ń gba afẹ́fẹ́ sára bíi pontoon, irú ìdí ńlá yẹn ló ń fẹ́. Ìyàtọ̀ owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń ṣe nígbà tí ẹ bá ń fà sẹ́yìn kúrò ní èbúté nínú afẹ́fẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: sítíárìn

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, torí ẹni tó bá ra ẹ́ńjìnnì tó dára pẹ̀lú sítíárìn burúkú kò ní jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ tukọ̀, kò sì ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tukọ̀, òun nìkan ni ọwọ́ á máa ro.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Pùròpẹ́là ń yí sápá kan, omi sì ń tì í padà, ìyẹn ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan ní gbogbo ìgbà, apá ọ̀tún ló sì sábà máa ń jẹ́. Bí hóòsìpáwà bá ṣe ń pọ̀ tó ni fífà náà ń le tó. Sítíárìn ló yẹ kó gba fífà yẹn, kì í ṣe èjìká yín.

Sítíárìn oníkébù ni èyí tó rọ̀ lówó jù. Bí ẹ bá yí i, jíà inú rẹ̀ á ti kébù nípọn kan tó gba abẹ́ pákó lọ sẹ́yìn; orí kébù náà, tó jẹ́ ọ̀pá irin dídán, gba inú páìpù kan níwájú ẹ́ńjìnnì kọjá, ó sì ń ti apá ẹ́ńjìnnì lọ bọ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ẹ máa yí i nǹkan bí ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin. Ó yára, kò ní omi tó ń jò, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Oríṣi méjì ló wà nínú òun náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní no-feedback ní ìdádúró kan nínú jíà sítíárìn náà, tí ẹ́ńjìnnì kò fi lè yí sítíárìn mọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Èyí tí kò ní i, bí ẹ bá fọwọ́ sílẹ̀ láti gba omi mu, ọkọ̀ á yà fúnra rẹ̀. Mi ò ní ra èyí tí kò ní i fún ẹ́ńjìnnì kankan, bó ti wù kó kéré.

Hydraulic ni ìkejì. Sítíárìn fúnra rẹ̀ ni páńpù. Bí ẹ bá ń yí i, ó ń ti ọ́ìlì gba inú róbà méjì lọ sí sìlíńdà kan níwájú ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ẹ bá fi í sí ló máa dúró sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè fi ọwọ́ kan yí 150. Ó ń gba yíyí díẹ̀ sí i, nǹkan bí ìgbà márùn-ún láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, àwọn kan sì máa ń ráhùn pé ó ń pẹ́ ní èbúté. Ó máa ń mọ́ra láìpẹ́. Dometic, tó ra SeaStar ní 2017, ló ń ta èyí tó wọ́pọ̀ jù: BayStar fún ẹ́ńjìnnì kan tí kò ju 150 lọ, SeaStar fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi 150 gan-an, ẹ gba SeaStar. Ibi tí agbára nǹkan parí sí kọ́ ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ẹ̀kẹta ni hydraulic tó ní páńpù oníná tó ń ràn án lọ́wọ́, tàbí èyí tó jẹ́ oníná pátápátá. Yamaha ní ẹ́ńjìnnì ńlá tí ẹ̀rọ sítíárìn oníná ti wà nínú ara rẹ̀. Fún 200 sókè, ó gbádùn mọ́ni. Fún 115, owó ìyẹn dára jù lórí hóòsìpáwà.

Nítorí náà, ìpinnu tèmi: títí dé 60, oníkébù no-feedback ti tó. Ní 90, ẹ ṣì lè lo oníkébù bí owó bá há, àmọ́ hydraulic ló sàn. Láti 115 lọ sókè, hydraulic ni, kò sí àríyànjiyàn, bí wọ́n bá tiẹ̀ sọ fún yín pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo kébù pẹ̀lú 115. Òótọ́ ni pé wọ́n ń lò ó. Ẹ bi wọ́n bí apá ṣe ń ṣe wọ́n nírọ̀lẹ́. Ohun tí kò ní àfirọ́pò ni pé hóòsìpáwà tí ilé iṣẹ́ sítíárìn kọ sínú ìwé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré sí ti ẹ́ńjìnnì.

Bí ẹ bá ń ra tuntun, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ gba hydraulic. Ẹni tó bá ní òun á ṣe é tó bá yá máa san owó kítì, á san owó iṣẹ́ mẹkáníìkì, á sì ju sítíárìn tó ti fi owó rà dànù. Kí ẹ tó gbà pé ó bá ọkọ̀ yín mu, ẹ ní kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sókè tán, kí wọ́n wá yí i sọ́tùn-ún àti sósì. Àyè tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti irin ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń há lára pontoon míì, sìlíńdà tàbí róbà rẹ̀ lè máa ha nǹkan.

Ní ti àlòkù oníkébù, ẹ yí sítíárìn kí ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́. Tó bá le, ìpẹtà ti wà nínú páìpù tí ọ̀pá kébù ń gbà kọjá, tàbí kébù fúnra rẹ̀ ti wú. Gírísì lè ran ti páìpù lọ́wọ́. Kò lè ran ti kébù lọ́wọ́, ẹ kàn máa pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń fún un ní gírísì, tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ẹ kọ́kọ́ yí sítíárìn títí ọ̀pá dídán yẹn fi wọ inú páìpù tán, kí ẹ tó fi ẹ̀rọ gírísì sí ihò rẹ̀. Bí ẹ bá fún un nígbà tí ọ̀pá ṣì yọ síta, gírísì á kún inú páìpù, kò ní síbi tó máa gbà jáde, sítíárìn á wá há gbọingbọin lórí omi. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ máa pààrọ̀ kébù, ẹ nu ara ti àtijọ́, ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Teleflex tàbí SeaStar tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SSC62, nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ni gígùn rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà: SSC6216 jẹ́ 16. Ẹ ò nílò láti máa wọ́ tépù kiri abẹ́ pákó.

Ti àlòkù hydraulic yàtọ̀. Ẹ yí i dé ìpẹ̀kun, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀. Tó bá ń rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ náà jáde. Ẹ fi ìka nu ọ̀pá sìlíńdà. Bí ọ́ìlì bá wà ní ìka yín, rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ. Ọ́ìlì tí ilé iṣẹ́ sọ nìkan ni kí ẹ máa rọ sí i. Ọ́ìlì búréèkì kò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dán an wò pẹ̀lú ẹrù

Ẹ má gbà kí wọ́n dán ọkọ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀yin àti ẹni tó ń tà á nìkan. Ẹ kó ọ̀rẹ́ mẹ́fà lọ. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lọ sí ibòmíì.

Ẹ ti ọwọ́ jíà síwájú tán, ẹ wo géèjì RPM. Ìwé ẹ́ńjìnnì á sọ ibi tó yẹ kó dé. Ti Mercury 115, láàárín 5,000 sí 6,000 ni. Bí kò bá dé 5,000, pitch pùròpẹ́là (bó ṣe yẹ kó ti ọkọ̀ jìnnà tó bó bá yí lẹ́ẹ̀kan) ti pọ̀ jù: ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tó kéré sí i. Íǹṣì pitch kan máa ń yí RPM padà ní nǹkan bí 150 sí 200. Bó bá sì ń kọjá 6,000, ẹ gba èyí tí pitch rẹ̀ pọ̀ sí i. Iye méjì ni wọ́n máa ń tẹ̀ sára pùròpẹ́là. Fífẹ̀ rẹ̀ ni ti àkọ́kọ́, pitch ni ìkejì. Fún pontoon tó ń kó èèyàn púpọ̀, èmi fẹ́ràn pùròpẹ́là tó ní apá mẹ́rin ju èyí tó ní mẹ́ta lọ, torí ó ń di omi mú dáadáa nígbà tí ẹ bá ń yà àti nígbà tí ẹ bá ń fà sẹ́yìn.

Bí ẹ bá ti ń sáré dọ́gba, ẹ mú ọwọ́ yín fúyẹ́ lórí sítíárìn. Bó bá jẹ́ oníkébù tó sì ń fà sọ́tùn-ún ṣáá, irin kékeré kan wà lókè pùròpẹ́là tó dà bí ìrù ẹja. Wọ́n lè tú bóòtù rẹ̀, kí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ sí apá ibi tí ọkọ̀ ń fà sí, kí wọ́n sì dè é padà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ní i.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí èbúté, ẹ gbìyànjú láti gúnlẹ̀ ní eré tó kéré jù. Pontoon kò rì sínú omi púpọ̀, ara rẹ̀ sì ga, afẹ́fẹ́ á máa gbá a bí agboòrùn tó ṣí sílẹ̀. Ibí ni ẹ ti máa mọ bí sítíárìn àti ìdí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò lágbára jù nínú ìdílé, tó máa ń tukọ̀, gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ó bá ṣòro fún un, ọkọ̀ náà kò tíì yẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: òfin àti ìwé àdéhùn

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2021, òfin àpapọ̀ ní kí ẹni tó ń tu ọkọ̀ tí kò tó 26 ẹsẹ̀ bàtà so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ara rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń sáré. Ẹ béèrè ibi tí okùn yẹn wà, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á. Ní Texas, ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1993 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣe ẹ̀kọ́ ìtukọ̀ kó tó lè tu ọkọ̀ tó ju hóòsìpáwà 15 lọ. Ní Georgia, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1998 ni wọ́n fi ṣe ààlà. Àwọn ọmọ yín tó máa fẹ́ gba sítíárìn lọ́wọ́ yín wà nínú rẹ̀ o.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n kọ hóòsìpáwà ẹ́ńjìnnì, irú ìdí rẹ̀, gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀, orúkọ sítíárìn lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ àti ìwọ̀n pùròpẹ́là sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Sítíárìn tó dára" kì í ṣe ohun tí ẹ lè fi ìwé béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé oníkébù dé. Ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú pé bí ẹ́ńjìnnì kò bá dé RPM tó wà nínú ìwé rẹ̀ lábẹ́ ẹrù tí ẹ jọ fẹnu kò sí, àwọn ni wọ́n máa pààrọ̀ pùròpẹ́là láìgba kọ́bọ̀.